Àgò Onílé O: Bí Mo Ṣe Ṣílẹ̀kùn Tí Kì í Ṣe Tèmi

 

Olóòtú ní kí n kọ nǹkan nípa iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi kí n tó bá àwọn tó ń jáde jáde. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ ni ọ̀rọ̀ fáwẹ́lì /u/ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: bí àwọn ará Èkìtì ṣe ń pe ilé ní ulé, tí wọ́n ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́, nígbà tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò gbà kí /u/ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìyẹn wà nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ náà, ẹni tó bá fẹ́ lè lọ kà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá máa sọ òótọ́, ẹ̀kọ́ tó wọ̀ mí lára jù lọ lọ́dún yìí kò wá láti ọ̀dọ̀ fáwẹ́lì. Ọ̀dọ̀ server ló ti wá, ó sì gbé mi dé iwájú màmá kan ní Èkìtì, níbi tí mo ti kúnlẹ̀.

Fún ẹ̀yin ọmọ ọdún kìíní tí ẹ kò tíì dé yàrá náà rí: ẹ̀ka wa ní àkójọ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó iṣẹ́ pápá wọn sí. Ẹ ó rí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pè é ní Èkìtì, ní Oǹdó, ní Ìjẹ̀bú, àti ní Ọ̀wọ̀ tí àwọn ọmọ bíbí ibẹ̀ ń pè ní Ọ̀ghọ̀. Ẹ ó rí àmì ohùn orí rẹ̀, ẹni tó pè é, àti ọjọ́ tí a gbà á sílẹ̀. PostgreSQL ni dátábéèsì tí a kó gbogbo rẹ̀ sí, orí server kékeré kan tí fáànù rẹ̀ ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti jáde ló tò ó. Nígbà tí wọ́n ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀, wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, nítorí pé nínú gbogbo wa tó wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà, èmi nìkan ni kò sá lọ nígbà tí wọ́n ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí. Bí mo ṣe di alámòójútó server nìyẹn.

Àtẹ mẹ́ta ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Èkíní ni àtẹ ọ̀rọ̀. Èkejì ni àtẹ àwọn abẹ́nà-ìmọ̀: orúkọ wọn, ìlú wọn, ọjọ́ orí wọn. Ẹ̀kẹta ni àtẹ ìtàn, níbi tí a ti da ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà bá wa sọ kọ sílẹ̀ ní kíkún. Orúkọ ìwọlé méjì ni a ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú «oluka» lè ka àtẹ ọ̀rọ̀, kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wọlé pẹ̀lú «agbasile» lè fi ọ̀rọ̀ kún àtẹ ọ̀rọ̀. Kò sí èyí tó lè ṣí àtẹ ìtàn nínú àwọn méjèèjì, ó ní ìdí.

Ìdí rẹ̀ ni pé a máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó bá wa sọ̀rọ̀. Nígbà tí a wà ní ọdún kẹta, a lọ sí ìlú kan ní Èkìtì. Màmá kan jókòó tì wá fún wákàtí méjì. Wọ́n pe gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìwé wa, wọ́n rẹ́rìn-ín sí bí a ṣe ń pe díẹ̀ nínú wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe pín agbo ilé wọn sí méjì. Ìtàn náà dùn, èdè inú rẹ̀ sì jinlẹ̀ débi pé alábòójútó wa fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jó nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí a tó dìde, Màmá na ìka sí ẹ̀rọ tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀. Màá fi Yorùbá àjùmọ̀lò kọ ohun tí wọ́n sọ: «Ọ̀rọ̀ tí mo pè, ẹ fi kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ti ilé wa yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá síbí ni mo sọ ọ́ fún o.» A ní a gbọ́. A kọ ọ́ sí òpó ìyọ̀ǹda nínú àtẹ àwọn abẹ́nà-ìmọ̀: ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ìtàn, rárá.

Ó wá di ọdún 2025. Àwọn tó ń ṣe PostgreSQL máa ń tọ́jú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan fún ọdún 5, lẹ́yìn náà wọn kì í dí ihò ààbò inú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yà 13 ni tiwa, èyí tó jáde ní 2020, oṣù kọkànlá ọdún 2025 sì ni ìtọ́jú rẹ̀ parí. Alábòójútó mi ní kí n gbé wa lọ sí ẹ̀yà 17. Mo yan alẹ́ ọjọ́ Ẹtì nítorí pé kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọgbọ́n mi nìyẹn.

Mo gbé ẹ̀yà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́ lórí server kan náà. Mo fi pg_dump kó àwọn àtẹ jáde, mo ń dà wọ́n sínú ti tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: «role does not exist», kò mọ «oluka», kò mọ «agbasile». Òótọ́ ló ń sọ. pg_dump máa ń kó dátábéèsì kan, àwọn orúkọ ìwọlé kì í sì í gbé inú dátábéèsì kankan. Gbogbo server ló ni wọ́n. pg_dumpall ló ń kó wọn, òun ló sì yẹ kí n kọ́kọ́ lò. Dípò bẹ́ẹ̀, mo wá ohun tó máa pa ariwo náà lẹ́nu mọ́. Mo fi --no-owner àti --no-privileges kún àṣẹ mi, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. Inú mi dùn. Mi ò ronú pé ohun tí mo sọ fún un ni pé: kó ẹrù wá, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín, àti ẹni tó láyè láti fọwọ́ kàn án, fi wọ́n sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn náà ni mo wá fi pg_dumpall kó àwọn orúkọ ìwọlé wá. Mo wọlé gẹ́gẹ́ bí «postgres», mo ṣí àtẹ kan, mo ṣí èkejì, gbogbo rẹ̀ ṣí. Mo kọ ọ́ sí WhatsApp pé a ti kó lọ sí ilé tuntun, pé 5433 ni kí wọ́n máa fi wọlé dípò 5432. Mo sùn.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, fóònù mi kò jẹ́ kí n gbádùn. Ẹni kan ní ọ̀rọ̀ aṣínà òun kò wọlé mọ́. Ẹlòmíràn ní òun wọlé ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí òun rí nǹkan kan. Ẹnì kẹta ní kò sí wàhálà níbi tòun o, òun ń bá iṣẹ́ lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kẹta yìí jù, àṣé òun ló ni wàhálà tó pẹ́ jù: kò ka ohun tí mo kọ sí WhatsApp, ó ṣì ń wọlé sí 5432, ilé àtijọ́ tí mo gbàgbé láti tì. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ 61 síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà kí n tó mọ̀. Mo kó wọn wá níkọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kó kúrò nílé, ẹ ti ilẹ̀kùn ilé tí ẹ kúrò níbẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àwọn méjì yòókù, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Léti mi lọ́jọ́ náà, ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n ń pè: «Mi ò lè wọlé.» Èmi tí mo ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ bí gbólóhùn méjì ṣe lè jọra kí ìtumọ̀ wọn má jọra, n kò ka gbólóhùn tí server kọ. Èyí tó rán sí ẹni àkọ́kọ́ ni «password authentication failed for user». Èyí tó rán sí ẹnì kejì ni «permission denied for table». Ẹ wo àbọ̀ inú wọn. Ti àkọ́kọ́ ń sọ nípa ènìyàn: mi ò dá ọ mọ̀. Ti èkejì ń sọ nípa ohun ìní: mo dá ọ mọ̀, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe tìrẹ.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ẹni, ẹ ó ké «Àgò onílé o!» Wọn ó bi yín pé «Ta nìyẹn?» Ẹ ó dárúkọ, wọn ó ní «Àgò yà, ẹ wọlé.» Àgò ti yà, ṣùgbọ́n parlọ̀ ni wọ́n ní kí ẹ wá jókòó sí. Ẹni tó bá torí pé wọ́n ní kó wọlé tó lọ ṣí ìkòkò ọbẹ̀, tó lọ wọ ìyẹ̀wù, ilé ẹ̀kọ́ wo ló lọ? Ìbéèrè «ta nìyẹn?» yàtọ̀ sí ìbéèrè «ibo ni o lè dé?» Àwọn tó kọ PostgreSQL mọ èyí, fáìlì pg_hba.conf ló ń béèrè ti àkọ́kọ́, GRANT àti REVOKE ló ń dáhùn èkejì. Èmi ni kò mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo ṣe rèé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, pẹ̀lú ìránṣẹ́ 14 lórí fóònù àti bátìrì kọ̀ǹpútà tó ti ń lọ sílẹ̀, mo ṣí pg_hba.conf, mo sì yí ọ̀nà ìwọlé sí «trust». Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé orúkọ tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun ń jẹ́, gba á gbọ́, má béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Mo wá tẹ GRANT ALL lórí gbogbo àtẹ fún PUBLIC. PUBLIC ni gbogbo ayé: gbogbo orúkọ tó wà lórí server náà, àti èyí tí wọn kò tíì dá. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀sùn parí. «Ẹ ṣeun, ọ̀gá server.» «Ó ti ń ṣiṣẹ́ o!» Mo lọ jẹ ẹ̀bà.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kò gbàgbé àtẹ ìtàn. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé màá tún un ṣe lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ Àìkú dé, iná kò sí. Ọjọ́ Ajé, a ní sẹminá. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ pé òun ń bọ̀ wá tì í rántí mi.

Lọ́jọ́bọ̀, mo bá wọn jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì àwọn ọmọ ọdún kejì, níbi tí wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ wọn kalẹ̀ lórí gbólóhùn onítẹnumọ́, àwọn tí «ni» máa ń wà nínú wọn. Ọmọkùnrin kan dìde. Àpẹẹrẹ rẹ̀ dára gan-an. Kì í ṣe àpẹẹrẹ tí ènìyàn jókòó hun. Ẹnu àgbà ló ti wá. Ìgbà tó ka gbólóhùn kẹta ni ara mi tutù. Ìtàn Màmá ni. Ó pe orúkọ agbo ilé náà, nítorí pé orúkọ náà wà nínú gbólóhùn. Ọmọbìnrin kan níwájú sì yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín: «Ìlú wa nìyẹn! Mo mọ ilé yẹn.»

Ọmọkùnrin yẹn kò jalè. «oluka» ló fi wọlé, orúkọ tí a fún un. Ó rí àtẹ kan tó ń jẹ́ ìtàn, ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Èmi ni mo la ògiri lẹ́nu.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe ẹ̀gbọ́n wa tó tò ó. Wọ́n jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n wá ní, «Ìwọ ọmọ yìí, nígbà tí o dán an wò kí o tó sùn, ta lo fi wọlé?» Mo ní «postgres» ni, ẹ̀gbọ́n. «Ṣé o rò pé ilẹ̀kùn máa ń tì mọ́ ọba?» Mo dákẹ́. Orúkọ ìwọlé alágbára jù lọ kì í dúró fún ìyọ̀ǹda kankan; PostgreSQL kì í tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ojú «oluka» ń rí, ẹ di «oluka»: ẹ tẹ SET ROLE oluka, kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn.

Àwa méjèèjì tún un ṣe lórí fóònù di aago méjì òru. Màá kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ṣe ṣe é, nítorí pé ẹlòmíràn ló máa gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ mi.

Ìyọ̀ǹda la kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń jò. Mo fẹ́ fi ìkánjú tẹ REVOKE lórí «oluka», ẹ̀gbọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́, kí n wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo di «oluka», mo tún ṣí àtẹ ìtàn. Ó ṣí! Ẹnu yà mí. Ìdí ni pé n kò fún «oluka» ní nǹkan kan rí. PUBLIC ni mo fún, «oluka» sì wà lára PUBLIC. Ẹ kò lè gba ohun tí ẹ kò fún ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ẹ gbà fi fún un lẹ ó gbà gbà á padà. A gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ PUBLIC, ilẹ̀kùn sì tì.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí èyí tó yẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n ń bi mí kò yí padà: «Ta ló fẹ́ wọ ibo, láti ṣe kí ni?» «oluka» fẹ́ wọ dátábéèsì, CONNECT nìyẹn. Ó fẹ́ kọjá nínú schema, bí ẹni tó ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, USAGE nìyẹn. Ó fẹ́ ka àtẹ ọ̀rọ̀, SELECT nìyẹn. Ó tán. «agbasile» fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kún un, a fún un ní INSERT, ó sì tún kọ̀: «permission denied for sequence». Sequence ni ohun tó ń pín nọ́ńbà fún ìlà tuntun kọ̀ọ̀kan. A ní kí ènìyàn wọlé wá kọ orúkọ sínú ìwé, a kò sì jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ń tẹ nọ́ńbà. A fún un ní USAGE lórí ìyẹn náà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń dá àtẹ tirẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ń rí «permission denied for schema public». Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mi nìkan. Láti ẹ̀yà 15 tó jáde ní 2022, dátábéèsì tuntun kì í jẹ́ kí gbogbo ènìyàn kàn máa dá àtẹ sílẹ̀ nínú schema «public» mọ́. Àyè àtijọ́ ì bá bá wa wá, ṣùgbọ́n --no-privileges tí mo lò ti yọ ọ́ kúrò. A fún un ní schema tirẹ̀. Àtẹ ìtàn àti àtẹ àwọn abẹ́nà-ìmọ̀, a kó wọn sínú schema ọ̀tọ̀ tí «oluka» àti «agbasile» kò lè kọjá níbẹ̀ rárá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ̀gbọ́n ní kí n lọ ka ìwé àkọsílẹ̀ server fúnra rẹ̀, kí n yé wo ohun tí ó rán sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí server ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kì í tó nǹkan, ó lè jẹ́ olè ló dúró níbẹ̀. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ ló ti ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Mo rí i níbẹ̀: «does not have a valid SCRAM secret».

Bó ṣe rí nìyí. Server kò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín. Òjìji rẹ̀ ló ń tọ́jú. Títí dé ẹ̀yà 13, bí ẹ kò bá sọ nǹkan mìíràn fún un, md5 ló ń fi yà á. Láti ẹ̀yà 14, scram-sha-256 ni, èyí tó lágbára jù ú lọ. Òjìji md5 ni àwọn orúkọ wa gbé wá láti ilé àtijọ́. Ẹ̀ṣọ́ ilé tuntun, ìyẹn pg_hba.conf tó bá ẹ̀yà 17 wá, ń béèrè òjìji scram. Akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ láìsí àṣìṣe kankan, ẹ̀ṣọ́ kò ní ohun tó máa fi wé e. Server kò sì lè yí ọ̀kan padà sí èkejì, nítorí pé kò mọ ọ̀rọ̀ tó ni òjìji náà. Ẹni tó ni ín nìkan ló lè tún un sọ.

Nítorí náà, a pa «trust» rẹ́. A kọ «md5» sí ẹnu ọ̀nà, torí pé èyí máa ń gba òjìji méjèèjì. A tẹ pg_reload_conf kí ẹ̀ṣọ́ lè gbọ́ òfin tuntun. Mo ní kí gbogbo ènìyàn wọlé kí wọ́n sì fi \password yí ọ̀rọ̀ aṣínà wọn. Lójoojúmọ́ ni mo ń wo pg_authid láti rí ẹni tí tirẹ̀ ṣì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «md5». Lọ́jọ́ tí ẹni tó kẹ́yìn yí tirẹ̀, mo dá ẹnu ọ̀nà padà sí scram-sha-256. Ẹ má fi falẹ̀ o: ẹ̀yà 18 tó jáde ní 2025 ti ń kìlọ̀ pé wọ́n máa yọ md5 kúrò lọ́jọ́ iwájú.

Gbogbo iṣẹ́ yẹn kò ju alẹ́ kan àti ọ̀sẹ̀ kan lọ. Èyí tó kù ni kò ní àṣẹ tí ènìyàn lè tẹ̀.

Mo lọ bá alábòójútó mi lọ́jọ́ kejì. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọn kò pariwo. Wọ́n ní, «Ta ló ṣèlérí fún Màmá?» Mo ní àwa ni. «Ẹ lọ bá wọn.» Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ lọ nígbà yẹn wọ ọkọ̀, a ra búrẹ́dì lọ́nà. A ké àgò lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀. Kí n tó rí ibi bẹ̀rẹ̀, Màmá ní, «Mo ti gbọ́. Wọ́n ti pè mí láti ilé ìwé yín. Mo ń retí ẹni tó máa wá sọ ọ́ fún mi lójú ni.»

Mo sọ ọ́. N kò sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yà 13 tàbí ẹ̀yà 17. Mo ní ilẹ̀kùn kan wà tó yẹ kó wà ní títì, èmi ni mo ṣí i, nítorí pé àwọn ènìyàn ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà, mo sì fẹ́ kí ariwo náà tán.

Wọ́n béèrè pé, «Ṣé ẹ ti tì í?» Mo ní a ti tì í, Màmá. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní àwọn kò bínú sí ọmọ tó kà á, pé ọmọ tó rí ìwé tó kà á kò ṣẹ̀. Wọ́n ní apá kejì agbo ilé àwọn ti gbọ́, wọ́n sì ti ń béèrè ohun tí àwọn ń sọ fún àwọn àjèjì kiri. Wọ́n wá ní, «Ọ̀rọ̀ tí mo pè fún yín, ẹ máa lò ó. Ìtàn yẹn, ẹ bá mi pa á rẹ́.»

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Ohun tí ọmọ inú kíláàsì yẹn gbọ́, n kò lè tẹ REVOKE lé e lórí. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa la lè ṣe. Mo pa á rẹ́ nínú dátábéèsì. Mo pa á rẹ́ nínú ilé àtijọ́ tó wà lórí 5432. Mo pa á rẹ́ nínú fáìlì tí pg_dump kó jáde, èyí tí n kò rántí pé ó wà lórí kọ̀ǹpútà mi títí ẹ̀gbọ́n fi bi mí. A pa ohùn náà rẹ́. Gbólóhùn mẹ́fà nínú orí kẹrin iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi ti inú rẹ̀ wá. Mo yọ wọ́n, orí náà sì di orí tí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Nínú gbogbo àtẹ ìtàn wa, kò sí èyí tí èdè Èkìtì inú rẹ̀ jinlẹ̀ tó ti Màmá. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Alábòójútó mi kò sọ̀rọ̀ nígbà tí mo fi ìlà òfìfo náà hàn wọ́n. Wọ́n kàn yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún.

Ẹni tó máa gba server lọ́wọ́ mi wà ní ọdún kẹta báyìí. Mo ti kọ ọ̀nà ìkólọ sílẹ̀ fún un: orúkọ ìwọlé kọ́kọ́ lọ, àtẹ tẹ̀lé e pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀, di «oluka» kí o tó sùn, ti ilé àtijọ́. Mo ní kó kà á sí mi létí. Nígbà tó kà á tán, ó béèrè pé, bí àwọn ènìyàn bá ń pariwo lórí WhatsApp ńkọ́, kí ni kí òun ṣe?

Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n pariwo. Ẹni tí wọn kò jẹ́ kó wọlé lónìí, bó bá dọ̀la, a ó tọrọ àforíjì, yóò sì wọlé. Ó bi mí pé kí wá ni iṣẹ́ òpó ìyọ̀ǹda nínú àtẹ àwọn abẹ́nà-ìmọ̀, ṣé ẹnikẹ́ni máa ń kà á? Mo ṣí i fún un. Mo fi ìlà kan hàn án: ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ìtàn, rárá. Mo ní kó jókòó, kí n sọ bí a ṣe dé ibẹ̀ fún un.